Gbẹ́rẹ́ Abẹ́ Ṣòkòtò

Ká ní òkè Olósùnta gbọ́ bí àyà Morákinyọ̀ ti ń lù lọ́jọ́ náà ni, ìbá ká aṣọ rẹ̀ sá kúrò ní Ìkẹ́rẹ́.

Tíṣà ni, olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹnu rẹ̀ a sì máa pa òkú lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òjò ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú bí igi ìdáná, tí ojú ọ̀tún sì ń ṣú. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kó máa bá àrùn jà, ló kọjú ìjà sí i, tí wọ́n ń bó èèpo ara iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sẹ́sẹ̀. Dókítà wá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo ẹ́ńsáìmù, èròjà kan tí àwọn ọmọ ogun náà máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí ìjà bá gbóná.

Èsì ti dé sọ́wọ́ dókítà.

"Bàbá Àánú, ẹ rọra," ni Ìbíwùmí ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ ń gbọ̀n bí adìẹ tí òjò pa."

"Èmi kọ́. Àga yìí ni."

Dókítà Adéṣọlá wo ìwé èsì, ó mi orí. "Ẹ́ńsáìmù náà ga ju bí mo ti rò lọ, sà. A ó lo oògùn tó le, èyí tó máa ń so àwọn ọmọ ogun yẹn lọ́wọ́. Ẹ ò ní ibà? Ẹ ò ní egbò?"

"Egbò kẹ̀! Rárá o."

Irọ́ ńlá. Ìyá rẹ̀ ní Emùré ti fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ yí orúnkún rẹ̀ ká. Ìyá ní, "Ẹ̀jẹ̀ burúkú ló dì síbẹ̀. Má sọ fún aya rẹ o, ìyá ìjọ ni." Gbẹ́rẹ́ ti wú, ó ti ń ṣọyún. Ẹsẹ̀ tó kú kò dùn ún. Òórùn ló fi mọ̀.

Ó fọwọ́ bo orúnkún rẹ̀. "Dókítà, bí ẹ bá so wọ́n lọ́wọ́, tí egbò bá wà níbì kan ńkọ́?"

"Egbò náà lè pa èèyàn, sà."

Morákinyọ̀ ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè.

"Jésù!" ni Ìbíwùmí ké. "Gbẹ́rẹ́? Olórí akọrin!"

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Ó lè jẹ́ èyí ló gbé ẹ́ńsáìmù náà sókè. A ó kọ́kọ́ wo egbò yìí sàn, ká tó tún ẹ̀jẹ̀ fà."

"Iṣan mi wá ńkọ́?"

"N kò tíì mọ̀, sà."

Morákinyọ̀ ń wá àwàdà kan tí yóò dá, kò rí i. Ó wolẹ̀. Ìbíwùmí ti kúnlẹ̀, ó di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú gírígírí, ó ń gbàdúrà.

Ẹsẹ̀ náà kò jẹ́ kó mọ ìgbà tó ti dì í mú.