Ẹ̀rọ Tó Ń Gba Ọ̀rọ̀ Mọ́ni Lẹ́nu

Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá ọkùnrin náà jókòó, kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀. Òun ló ń ka ìròyìn lórí rédíò. Bí àwọn kan ṣe ń fọ eyín, tí àwọn kan ń wá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kiri, ohùn rẹ̀ á máa bá wọn rìn láti yàrá dé yàrá. Ohùn Oyin ni gbogbo ayé ń pè é, àfi ìyàwó rẹ̀ tó ń pè é ní Olówó-orí-mi, tó sì máa ń fi kún un pé oyin náà kì í dùn tó bẹ́ẹ̀ bó bá ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Àìsàn náà mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wá fọwọ́ kan ibi tó dùn ún jù: ahọ́n rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Làákàyè rẹ̀ pé pérépéré. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ bá sọ, ó sì mọ èsì tó yẹ kó fọ̀, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, ariwo lásán ló ń jáde. Nígbà tó yá, kò la ẹnu náà mọ́.

Olùkọ́ yunifásítì ni ìyàwó rẹ̀. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ibi tó sì yàn láàyò nínú rẹ̀ ni bí ènìyàn àti ẹ̀rọ ṣe lè gbọ́ra wọn yé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ la ní kẹ́ ẹ kọ́ wa, ìwà ènìyàn lẹ ń kọ́ wa." Òun náà á dáhùn pé, "Ta lẹ fẹ́ ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún fún? Ewúrẹ́?"

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ìwádìí fún oyè kejì. Etí-Ehoro ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí wọ́n sọ tí kò ní ta sí i létí. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan fún Ohùn Oyin, tó lè fi ọwọ́ òsì tẹ̀. Bó bá ti tẹ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, ẹ̀rọ náà á ti méfò èyí tó kù, á sì fi ohùn sọ ọ́ jáde. Inú olùkọ́ dùn sí i bí ìyá tó rí ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ṣoṣo nìyẹn, ó ṣì ń tàsé, owó oṣù olùkọ́ kò sì lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé èbúté.

Bí àjọ kan tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ ìwádìí ṣe kéde nìyẹn pé kí àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà mú àbá wá. Etí-Ehoro gbé ìròyìn náà wá sílé.

"Ẹ jẹ́ ká kọ Bàbá sínú àbá náà, Mà," ló sọ. "Bí àwọn ará àjọ bá rí Bàbá, ọ̀rọ̀ á yé wọn."

Olùkọ́ mi orí. "Mi ò ní pàtẹ àìsàn ọkọ mi bí ọjà."

"Kì í ṣe ọjà, Mà. Àwọn gan-an la tìtorí wọn ṣe é."

"Mo ní rárá. Ojú ti tì wọ́n tó."

Wọ́n ń fà á síhìn-ín, wọ́n ń fà á sọ́hùn-ún, Ohùn Oyin sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ sún mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ó pẹ́ kí ohùn tó jáde: "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Mo jókòó síbí."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi fẹ́ di ẹkún. Wọ́n kọ ọ́ sínú àbá náà.

Nígbà tí àjọ pè wọ́n, Ohùn Oyin wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó ti ọ̀pá rẹ̀, ó bá wọn lọ. Yàrá ìpàdé náà tutù, tábìlì ibẹ̀ gùn. Olùkọ́ ṣàlàyé dáadáa. Nígbà tó parí, alága ìgbìmọ̀, obìnrin kan tó ti hewú, tí kì í yára sọ̀rọ̀, kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí máa ṣe fún yín?"

Ohùn Oyin tẹ "Mo fẹ́." Ẹ̀rọ gbà á mọ́ ọn lẹ́nu: "Mo fẹ́ mu omi." Ó mi orí, ó tún un tẹ̀. "Mo fẹ́ sùn." Ẹnì kan rọra rẹ́rìn-ín, ó sì fi ikọ́ bò ó. Ara olùkọ́ kò gbà á mọ́.

"Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé..."

Ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ òsì sókè, ó dá a dúró. Ó pa ibi tí ẹ̀rọ náà fi ń méfò, ó wá ń tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òógùn sì ń yọ níwájú orí rẹ̀. Olùkọ́ ń wo ìka náà bí ẹni ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Nígbẹ̀yìn, ohùn jáde:

"Mo fẹ́ kí ẹ dúró dè mí."

Alága náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Nínú mọ́tò tí wọ́n fi ń padà lọ sílé, ọkàn olùkọ́ ti gbà pé owó àjọ náà ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ti kùnà lójú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju ìyẹn lọ.

"Ṣé èmi náà lẹ ń bá wí níbẹ̀ yẹn?" ló bi ọkọ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ wò ó títí, ẹnu rẹ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ẹ̀rín. Ó tẹ̀ ẹ́: "Ìwọ gan-an." Ó wá fi ọwọ́ tó fi tẹ̀ ẹ́ di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, kò sì tú u sílẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Ìdáhùn àjọ kò rí bí wọ́n ṣe rò. Wọn kò fọwọ́ sí owó ẹ̀rọ náà. Apá tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ nínú àbá náà ni wọ́n fọwọ́ sí: wọ́n ní kí olùkọ́ dá kíláàsì sílẹ̀, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí ènìyàn kí wọ́n tó ṣe ẹ̀rọ fún un. Ó dun olùkọ́. Ọmọ tó bí ni wọ́n fi sílẹ̀, aṣọ ọmọ ni wọ́n gbé.

"Ohun tí a ní là ń náání, Mà," ni Etí-Ehoro sọ. "Ẹ jẹ́ ká gbà á."

Wọ́n gbà á. Ohùn Oyin ló ń jókòó níwájú kíláàsì, òfin ibẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyà kọ́kọ́ jẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan ń jẹ èékánná, àwọn kan ń mi ẹsẹ̀ lábẹ́ àga. Wọ́n dúró dè é títí, kí wọ́n tó gbọ́ pé, "Ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ ti sùn?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, láti ìgbà náà ni ara sì ti tù wọ́n. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Wọ́n mú kó jẹ́ pé kò ní méfò àyàfi bí olóhùn bá bi í, wọ́n sì fi iná kékeré kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó ń sọ fún ẹni tó dojú kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Olùkọ́ rí i pé ó dára ju tòun lọ. Kò sì bà á nínú jẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ń gé àlùbọ́sà ní ilé ìdáná, ọkọ rẹ̀ sì wà nídìí tábìlì. Iná kékeré náà tàn. "Mo ń," ni ohùn náà wí. Ọkàn olùkọ́ ti bá a parí rẹ̀, pé ebi ló ń pa á. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó jókòó. Ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, omi rẹ̀ ń dà sórí iná. Ó yí orí síbẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀.

"Mo ń wo irun rẹ láti àárọ̀," ni ẹ̀rọ náà sọ. "Ó ti funfun. Ó yẹ ọ́."

Olùkọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Àlùbọ́sà ni," ló wí.

Ìka náà tún bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ dúró dè é.

"Irọ́ ni."

Olùkọ́ dìde, ó lọ pa iná abẹ́ ìkòkò.