Omi Ẹ̀gẹ́ Nínú Adágún Mùnírátù

Kí Mùnírátù tó dé etí adágún ẹja rẹ̀ lẹ́yìn Èrúwà láàárọ̀ ọjọ́ náà, imú rẹ̀ ti gbọ́ òórùn kíkan. Ẹja àrọ̀ rẹ̀ ti yíkùn sókè. Àwọn tí kò tíì kú ń yanu lójú omi. Omi ẹ̀gẹ́ tó ń hó bí ọṣẹ ló ń ṣàn wọ inú adágún láti ilé ẹ̀rọ gaàrí Bámiṣẹ́, ní òkè odò.

Ó gba ibẹ̀ lọ tààrà. Kò kí ẹnikẹ́ni.

“Bámiṣẹ́, o ti pa ẹja mi tán.”

“Ìyá Mùíz, ṣé bàbá yín ló ni odò ni?”

“Ṣebí mo bẹ̀ ọ́ kí o gbẹ́ kòtò fún omi ẹ̀gẹ́ rẹ? O ní o ti gbọ́.”

“Mo gbọ́. Mi ò sọ pé màá gbẹ́ ẹ.”

Àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Mùnírátù padà sí etí adágún, ó bá Rùkáyyàh, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń yan ẹja tà, níbi tó ti ń ṣa òkú ẹja sínú bàsíà.

“Àǹtí Rùkáyyàh, ẹ dà á nù. Májèlé ló pa á.”

“Bí mo bá ti yan án, ó parí.”

“Iná ò lè yọ ọ́ kúrò. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?”

“Ọjà Tápà ni mò ń gbé e lọ. Ọmọ tìrẹ kọ́ ni yóò jẹ ẹ́.”

Mùnírátù kúrò níwájú rẹ̀. Ó wọ ahéré, ó gbé kẹrosíìnì jáde, ó dà á sórí ẹja náà títí ó fi ṣàn dé ẹsẹ̀ Rùkáyyàh.

“Ìwọ ìyàwó yìí, wàá mọ̀ pé ilé wa lo wọ̀!” Rùkáyyàh bínú lọ.

Mùnírátù ri gbogbo ẹja náà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọ yẹ̀pẹ̀ kún àpò, ó fi dí ojú ibi tí omi ẹ̀gẹ́ ń gbà bọ́ sódò. Kò pẹ́ tí omi náà fi padà kún ilé ẹ̀rọ, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bẹ kalẹ̀ ń léfòó. Bámiṣẹ́ yọ àdá, ó sáré wá. Ó bá a lórí àwọn àpò náà, ọkọ́ lọ́wọ́.

“Kó àpò yìí kúrò!”

“Wá kó o.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó yá, Bámiṣẹ́ ju àdá sílẹ̀, ó pe àwọn tó máa gbẹ́ kòtò, ó sì ń ṣépè bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ.

Mùnírátù fọ adágún, ó dúró kí odò mọ́, ó tún da ọmọ ẹja sí i. Wọ́n dàgbà dáadáa. Ṣùgbọ́n Rùkáyyàh ti ṣáájú rẹ̀ dé ọjà Èrúwà, ó ti sọ fún gbogbo ẹlẹ́ja pé májèlé ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ń sìn. Àwọn oníbàárà ń yà fún àtẹ Mùnírátù. Ó lọ bá Rùkáyyàh, ó ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ lójú òun. Rùkáyyàh tutọ́ sílẹ̀, ó yí ẹja tó ń yan.

Mùnírátù kó ẹja rẹ̀ wọ ọkọ̀ Ìbàdàn. Wọ́n rà á tán níbẹ̀. Láti ìgbà náà, kò ta ẹja fún ará Èrúwà mọ́, àní fún àwọn tó wá bẹ̀ ẹ́ nílé pàápàá.