Bọ́ọ̀lù Tí Galib Fi Sílẹ̀

Níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni Vinko Raguž ti purọ́ mọ́ Galib Demirović, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó bi í pé, "Ṣé òótọ́ ni?"

Ọdún tó ṣáájú ogun ni. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Lasta ń gbá ìdíje tó kẹ́yìn sáà ní Pápá Ọ̀pọ̀tọ́, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú Mostar. Ọ̀mì péré ni wọ́n ń wá kí wọ́n má baà já sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀. Galib ń ṣọ́ ẹ̀yìn, Vinko ni aṣọ́lé. Mùsùlùmí ni Galib, Kátólíìkì ni Vinko, ọmọ Króátì. Nígbà náà, ẹni tó bá bi ọ́ ní Mostar pé ẹ̀yà wo lo jẹ́, o mọ̀ pé àlejò ni.

Ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè. Bọ́ọ̀lù gígùn kan bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ta nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Galib ti dé ibẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ sókè láti gbá a jù síta. Ni Vinko bá ké láti ẹ̀yìn rẹ̀ pé, "Fi í sílẹ̀! Tèmi ni!" Galib fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ Vinko yọ̀ lórí koríko, ọmọ ẹgbẹ́ àlejò kan sáré gba àárín àwọn méjèèjì kọjá, ó sì ti bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀.

Kí Galib tó yíjú, Vinko ti dìde. Ó na ìka sí i, ó ya apá méjèèjì sí àwọn òǹwòran, ó ń pariwo pé, "Kí ló fi í sílẹ̀ fún? Ta ló ní kó fi í sílẹ̀?" Àwọn òǹwòran kò gbọ́ igbe àkọ́kọ́ nítorí ariwo ẹnu ara wọn. Igbe kejì ni wọ́n gbọ́, òun náà ni wọ́n sì gbé lọ sílé.

Lasta já. Ogun dé. Nígbà tí ìbọn fi máa dákẹ́, ìlú ti là sí méjì, àwọn Mùsùlùmí ní ìlà-oòrùn, àwọn Króátì ní ìwọ̀-oòrùn. Pápá Ọ̀pọ̀tọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Lasta tó ti jẹ́ ti gbogbo ìlú wá di ti apá ìlà-oòrùn nìkan, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ olókùúta kan lẹ́bàá odò Neretva. Ilé ìwé pín, ilé ìwòsàn pín. Ìlú tí kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ tó yẹ kí wọ́n máa pe búrẹ́dì wá fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan ṣoṣo: pé Galib ló ba Lasta jẹ́. Ní ìwọ̀-oòrùn wọ́n ní, "Mùsùlùmí ni, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni." Ní ìlà-oòrùn, láàárín àwọn ènìyàn tirẹ̀, wọ́n ní, "Àwọn Króátì tó ń bá ṣọ̀rẹ́ ló rán an." Ẹ wo ìlú! Wọ́n ti jagun tán, wọ́n ti wó afárá ara wọn, irọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń jẹ nínú àwo kan náà.

Galib wí títí, pé Vinko ló ní kí òun fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di àwàdà. Bó bá na ọwọ́ sí ẹran níwájú alápatà, ẹnìkan á ké lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Fi í sílẹ̀, Galib!" Gbogbo ìsọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Ó tún bàtà ìlú ṣe fún ọgbọ̀n ọdún, ọ̀pọ̀ ẹni tó wọ bàtà náà ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn. Kò gbàgbé ẹyọ kan.

Nígbà tí Belma wọ ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná nínú rẹ̀ bí ẹni pé àná ni. Obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó tó ń ná owó àlàáfíà nínú ìlú. Galib gbé kọfí síwájú rẹ̀, nítorí ọmọlúwàbí kì í jẹ́ kí àlejò jókòó lásán, bí àlejò náà tilẹ̀ mú ìbínú wá.

"Bàbá, a fẹ́ kó àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù Lasta jọ ní Pápá Ọ̀pọ̀tọ́," ni Belma wí. "Apá méjèèjì. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin àti Bàbá Vinko ẹ ó bọ ara yín lọ́wọ́ láàárín pápá."

"Kí ni Vinko máa sọ?"

"Kò sí ọ̀rọ̀ sísọ, Bàbá. Ẹ kàn máa bọ ọwọ́ ni. Wọ́n á ya yín ní fọ́tò."

Galib gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, awọ àti gọ́ọ̀mù ti sọ wọ́n di dúdú. "Wò ó dáadáa, ọmọ mi. Ṣé ọwọ́ yìí ló purọ́?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ọwọ́ Vinko ńkọ́, ṣé òun ló purọ́? Ẹnu ló dá ọ̀ràn, ẹ wá ń wá ọwọ́ kiri!"

Belma rẹ́rìn-ín, ó tún mú ojú le. "Ó ti pẹ́, Bàbá. Àwọn ènìyàn pàdánù ọmọ, wọ́n pàdánù ilé, wọ́n sì dárí ji ara wọn. Bọ́ọ̀lù lásán nìyí."

Ibẹ̀ ni inú bí Galib gan-an. "Bọ́ọ̀lù lásán? Ẹ̀gbọ́n mi kú nínú ogun yẹn. Ìwọ rí i pé ẹnikẹ́ni ń fi ikú rẹ̀ ṣe àwàdà níwájú alápatà? Orúkọ mi ni wọ́n ń jẹ pẹ̀lú ẹran! Ẹni tó bá jalè, wọ́n á ní olè ni, ó parí. Èmi ò jí nǹkan kan. Mo gbọ́ràn sí aṣọ́lé mi lẹ́nu, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀yin wá fẹ́ kí n lọ bọ ọwọ́, kí àwọn òyìnbó lè rò pé àwa méjèèjì la jẹ̀bi!"

Belma mu kọfí rẹ̀ tán, ó dìde. "Nítorí náà, ẹ ò ní wá?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Galib wí. "Màá wá."

Nígbà tó délé, ó sọ fún Razija ìyàwó rẹ̀ ohun tó fẹ́ ṣe, obìnrin náà sì ju ọ̀bẹ tó fi ń gé àlùbọ́sà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irun ni. Ní ìlú wa, bí Mùsùlùmí àti Kátólíìkì bá fẹ́ di ìbátan láìsí ìgbéyàwó, irun ọmọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gé irun orí ọmọ rẹ ti di kum rẹ títí ayé. O ò gbọdọ̀ lù ú, o ò gbọdọ̀ bú u. Vinko ló gé irun orí Nedim, ọmọ wọn kan ṣoṣo, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì dùn. Kum lè fi irun náà bi kum rẹ̀ ní ìbéèrè, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé, ẹni tí wọ́n bá sì bi kò gbọdọ̀ purọ́. Ṣùgbọ́n bó bá purọ́, orí ọmọ tí irun ti wá ni àwọn àgbà ní yóò ru ègún irọ́ náà.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ní kó o má ṣe é," ni Razija wí. "Vinko purọ́ nígbà tí kò sí nǹkan tó ń dẹ́rù bà á. Kí ló máa dí i lọ́wọ́ báyìí? Orí ọmọ mi kọ́ lo máa fi ta tẹ́tẹ́, Bàbá Nedim!"

"Ọmọ tèmi náà ni."

"Èmi ni mo rọbí rẹ̀!"

Wọ́n kò lè parí rẹ̀, wọ́n bá pe Nedim lórí fóònù ní Graz, ní ilẹ̀ òkèèrè, níbi tó ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Razija ló kọ́kọ́ rojọ́, ó rò ó tẹ́lẹ̀ pé ọmọ yóò gbè é. Nedim gbọ́ ọ tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, irun wo? Orí mi ti pá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ mú?"

"Má fi ṣeré o!"

"Mi ò fi ṣeré." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Màmá, ilé kọfí kan wà níbí tí àwọn ará ìlú wa ti ń pàdé. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè mí níbẹ̀? Ọmọ Fi-í-sílẹ̀. Mo ti rìn jìnnà tó báyìí, ó ṣì dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Bàbá, ẹ bi í. Orí mi nìyí, mo yọ̀ǹda rẹ̀."

Razija gbé fóònù sílẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀, ó padà sídìí àlùbọ́sà, ẹni tó bá sì rí ojú rẹ̀ lè rò pé àlùbọ́sà náà ló fa omi tó wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdíje, Galib wọ Pápá Ọ̀pọ̀tọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n já. Wọ́n ti kun àga ibẹ̀ ní àwọ̀ mìíràn. Àwọn arúgbó oníkùn ńlá ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù bí ẹni ń lé adìẹ, àwọn òǹwòran ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ará ìlà-oòrùn jókòó sí apá kan, àwọn ará ìwọ̀-oòrùn sí apá kejì, níbi àlàáfíà pàápàá. Bí Galib ṣe ń kọjá, ohùn kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pé, "Fi í sílẹ̀ o!" Apá méjèèjì rẹ́rìn-ín pọ̀.

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó sọ ọ̀rọ̀ nípa afárá àti ọjọ́ ọ̀la. Lẹ́yìn náà ó pe àwọn méjèèjì. Vinko ti sanra, igi ló fi ń rìn. Ó na ọwọ́ rẹ̀.

"Kum," ni ó wí.

Galib fi ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn tó ń ya fọ́tò dúró.

"Bí mo bá jẹ́ kum rẹ," ni Galib wí, "mo fi irun tó o gé lórí Nedim bi ọ́. Kí lo ké sí mi lọ́jọ́ náà?"

Gbogbo ẹni tó dàgbà ní pápá náà mọ ohun tí ìbéèrè yẹn jẹ́. Ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn. Oníkóòtù sáré wọ àárín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá wa, òní kọ́ o. Ọjọ́ àlàáfíà lòní."

"Ìwọ dákẹ́," ni Galib wí. "Mi ò gé irun ọmọ tìrẹ."

Vinko wo ilẹ̀. "Galib, ó ti pẹ́. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà."

"Mi ò bi ọ́ nípa ariwo."

"Gbogbo wa la ṣàṣìṣe nígbà yẹn, kum. Apá méjèèjì."

"Gbogbo wa kọ́!" Galib sún mọ́ ọn. "Gbogbo wa, gbogbo wa! Ohun tí gbogbo olè ìlú yìí ń sọ nìyẹn. Bí gbogbo wa bá jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, kí àwa tí wọ́n ṣẹ̀ máa gbé e lọ sílé! Èmi ò ṣe é, Vinko. Èmi ò ṣe é! Mo ti fi orí ọmọ mi lélẹ̀ níwájú rẹ. Bó o bá fẹ́ purọ́, purọ́ sórí rẹ̀."

Vinko fi ara ti igi rẹ̀. Ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Oníkóòtù gbé gbohùngbohùn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì tẹ nǹkan kan tí ohùn ẹ̀rọ náà fi kú. Nígbà náà ni Vinko sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá bàtà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"A ò gbọ́!" ni ẹnìkan ké láti ìlà-oòrùn.

"A ò gbọ́ o!" ni wọ́n ké láti ìwọ̀-oòrùn.

Vinko gbé orí sókè. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ohùn aṣọ́lé, ohùn tó máa ń ké sí àwọn tó wà ní iwájú rẹ̀ nígbà tó ṣì lágbára.

"Mo ní, èmi ni mo ké sí i pé kó fi í sílẹ̀! Mo ní tèmi ni! Ó gbọ́ tèmi, ó fi í sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì yọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ó jẹ mí lóòyẹ̀, mo bá nawọ́ sí i. Nígbà tí ogun dé, mo rí i pé irọ́ náà wúlò fún àwọn ènìyàn wa, mo jókòó lé e. Galib kò ta ẹnikẹ́ni. Mo purọ́ mọ́ ọn!"