Ìkìlọ̀ Pupa Ojú Ewé Agbẹ̀bí

Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ajé ni aṣàwákiri tuntun, ìyẹn irinṣẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń ṣí ojú ewé ayélujára lórí fóònù wọn, yóò jáde. Wọ́n ti gbọn gbogbo àmì àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ ojú ewé, tí ìlànà tuntun kọ̀ sílẹ̀, dànù kúrò nínú rẹ̀. Ó fúyẹ́, ó sì ń sáré bí ehoro.

Iṣẹ́ aláyẹ̀wò iléeṣẹ́ náà ni láti fi í ṣí igba ojú ewé, kí ó wo èyí tó bá bàjẹ́. Kò rí ìkankan. Ó kàn ní kí òun ṣí ọ̀kan sí i, èyí tí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ agbẹ̀bí ń lò lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé pérépéré, síbẹ̀ aláyẹ̀wò sáré gbé e lọ bá ọ̀gá. Dókítà àgbà kan ló kọ ọ́ lógún ọdún sẹ́yìn, àmì àtijọ́ ló sì fi kun gbogbo ìkìlọ̀ ní pupa. Pupa ti lọ. Ìkìlọ̀ ti dúdú bí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, ó jókòó sáàárín wọn bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò kí.

"Ọ̀rọ̀ kan ò kúkú sọnù," ni ọ̀gá wí. "Kí dókítà tún un kọ."

"Dókítà ti kú, sà. Wọn ò sì sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé tá a lè fi tún un ṣe fẹ́nì kankan."

"Ṣé gbogbo òkú la ó máa bá ru ẹrù wọn ni?"

Àwọn ará ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Aláyẹ̀wò ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù tó ní aṣàwákiri tuntun lé ọ̀gá lọ́wọ́.

"Obìnrin bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀, ó sì lẹ́jẹ̀ ríru. Abẹ́rẹ́ wo ni kò gbọdọ̀ gbà? Mo ń kà o, sà. Oókan. Eéjì."

Ọ̀gá fa ojú ewé sókè, ó fà á sísàlẹ̀. Ní ẹẹ́fà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ní ẹẹ́wàá, kò tíì rí i.

Aláyẹ̀wò wá gbé èyí tó ní aṣàwákiri àtijọ́ fún un. "Kẹ́ ẹ má baà ní mo rẹ́ yín jẹ, ìbéèrè mìíràn nìyí. Ìgbà wo ni kí wọ́n gbé ọmọ tuntun dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn ńlá?"

Kó tó pe eéjì, ìka ọ̀gá ti wà lórí ìlà pupa.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀gá mí kanlẹ̀.

"Ẹ fi tọjọ́ Ajé sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà wa pé ẹni tó bá ń kọ ojú ewé tuntun ò gbọdọ̀ lo àmì yẹn mọ́, ṣùgbọ́n aṣàwákiri tiwa gbọ́dọ̀ máa mọ̀ ọ́n kà." Ó kọjú sí aláyẹ̀wò. "Ìwọ lo máa dá gbogbo àmì tá a gé kúrò padà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ tí aṣàwákiri náà jáde, aláyẹ̀wò pe ìyá rẹ̀.

"Ẹ ṣí ojú ewé yín, Màmá. Kí lẹ rí?"

"Bó ṣe wà náà ló wà. Kí lẹ wá ṣe sí i?"

"A ò jẹ́ kó yí padà ni."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ò fi wálé!" Ìyá rẹ̀ pòṣé. "Wọ́n tún sanwó fún ọ?"

"Wọ́n san án, Màmá."

"Ó dáa. Jẹ́ n máa lọ, aboyún kan ti ń rọbí."