Ẹjọ́ Lẹ́tà Tí Kì Í Nàró

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ àlá tí mo lá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán àná, nígbà tí oorun gbé mi lọ lórí àga. Ogójì ọdún ni mo fi ń to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu nígbà tí ọ̀kan nínú wọn wọlé tọ̀ mí wá. Ó sanra, ó dúdú, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ń sá fún òjò, kò sì ní ṣóńṣó lẹ́sẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ gbà mí. Wọ́n fẹ́ yọ́ mi nínú iná."

"Kí lo ṣe?"

"Èmi ni wọ́n fi ń kọ 'Ṣọ́ra' sára òpó iná. Èmi ni wọ́n fi ń kọ orúkọ sẹ́yìn ẹ̀wù agbábọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó bínú. Ṣùgbọ́n wọ́n fi mí kéde ìsìnkú Ìyá Olóyèdé. Bí àwọn ènìyàn ti kà mí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Wọ́n dé ibojì ṣáájú òkú."

Mo ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Mo wọ bàtà mi, a sì gòkè lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, tí ó léfòó lókè igi àgbọn, tí wọ́n fi okùn ìsáṣọ so kí ó má baà lọ. Alága ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Fátúnlà, jókòó láàárín àwọn lẹ́tà tí ó nàró ṣánṣán. Ìwé ìdájọ́ wà níwájú rẹ̀. Òǹtẹ̀ nìkan ló kù.

Òǹtẹ̀ wúkọ́, ó ní, "Alága, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀, ara ń yún mi."

Alága bi lẹ́tà pé, "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ nàró. Kí ni ìwọ ń lé?"

Lẹ́tà bú sẹ́kún. Omijé dúdú ń kán sílẹ̀ lójú rẹ̀. Èmi ni mo dáhùn: "Alága, ẹ kò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀n. Ta ní ń pọn ọmọ tí ó ń nàró?"

"Irọ́ ni. Èmi lè pọn ọmọ lóòró."

"Ẹ dán an wò, sà."

Òǹtẹ̀ fò mọ́ ọn lẹ́yìn. Alága nàró, òǹtẹ̀ ń yọ̀ bọ́. Ó tẹ̀ díẹ̀, ó tún tẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi kan ilẹ̀, ó sì di ewúrẹ́. A kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó dá wa lóhùn ní èdè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ìwé ìdájọ́.

Lẹ́tà ní, "Bàbá, níbo ni n óò wá máa gbé?"

"Ibi tí ó yẹ kí ènìyàn sáré lọ. Má tún lọ sí ibojì mọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò kánjú."

Ohùn Morótádé, ọmọbìnrin mi, ló jí mi. "Bàbá, ẹ bá mi gba ìwé yẹn lẹ́nu ewúrẹ́ yìí."

Mo gbà á. Etí ìwé náà kan ti lọ, ṣùgbọ́n ìyókù hàn ketekete, ní lẹ́tà dúdú tí ó sanra, tí ó tẹ̀ síwájú: Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ọmọ-ọwọ́, Òní, Aago Mẹ́rin. Mo wo ògiri. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Morótádé tẹ̀ síwájú, ó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ọ̀já gbà á, ó sì ti ń sáré lọ kí ó tó nàró tán.