Àgbàlagbà Inú Ọkọ̀

Òfin mẹ́ta ni Ọ̀gá Ṣóbándé, hẹ́dimásítà iléèwé ìjọ kan ní Kétu, lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tí sáà kẹta ọdún 1956 bẹ̀rẹ̀, orí Tísà Abọ́dúnrìn tó ń kọ́ kíláàsì kẹfà sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já lé. Ọmọ tó bá gba ojú omi wá kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ láìsí àgbàlagbà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wúkọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà. Ọmọ tó bá pa iléèwé jẹ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, wọn ò ní fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún ìdánwò àṣejáde. Bí èèyàn bá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ìgbà tí wọ́n bá pàdé lórí ọmọ kan ṣoṣo lèèyàn tó ń mọ̀ pé ẹni tó kọ wọ́n kò gbé etí omi rí.

Àrìnkẹ́ ni ọmọ ọ̀hún. Àgbóyì ló ti ń wá, níbi tí omi yí ilé ká, tí kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀ kankan dé Kétu. Ọmọ márùn-ún ló ń ti ibẹ̀ wá, òun ló dàgbà jù, òun ló sì ń tukọ̀. Ìṣirò tí Tísà fúnra rẹ̀ máa ń yọjú wo ìdáhùn rẹ̀ lẹ́yìn ìwé kó tó kọ ọ́ sára pátákó, orí lásán ni Àrìnkẹ́ fi ń ṣe é. Bàbá rẹ̀ sì ti sọ ọ́ gbangba: ọdún yìí ló kẹ́yìn. Bó bá ṣe ìdánwò tó yege, kó máa lọ. Bí kò bá ṣe é, ìdí ààrò ẹja ń dúró dè é lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Abọ́dúnrìn kì í fẹ́ rántí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí inú máa ń bí i débi pé kì í lè jẹun.

Ohun tó fa òfin ọkọ̀ kò ju pé ọkọ̀ àwọn ọmọ Àgbóyì dojú dé ní èbúté lọ́jọ́ kan. Àwọn ọmọ wẹ̀ jáde, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ìwé wọn ló mumi. Hẹ́dimásítà bá ní àfi kí àgbàlagbà máa tẹ̀ lé wọn. Àgbàlagbà wo? Àwọn bàbá ti wà nídìí àwọ̀n kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ìyá ti gbé ẹja yíyan lọ sọ́jà. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń kù nílé ni Bàbá Àyúbà, bàbá àgbà Àrìnkẹ́, tí ojú rẹ̀ kò ríran kọjá ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Wọ́n bá ń fà á lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ láràárọ̀, wọ́n ń gbé e kalẹ̀ láàárín bí àpò gààrí, àwọn ọmọ á sì tù ú dé Kétu. Òfin ti pé nìyẹn. Nígbà tí kò lè dá padà, abẹ́ igi tó wà létí fèrèsé kíláàsì kẹfà ló ń jókòó sí títí iléèwé á fi jáde, ibẹ̀ ló sì ti ń bá Tísà ṣiṣẹ́. Tísà á bi àwọn ọmọ pé odò wo ló gùn jù ní Nàìjíríà, Bàbá Àyúbà á dá a lóhùn láti ìta pé, "Ta ló wọ̀n ọ́n?" Abọ́dúnrìn á mí kanlẹ̀, á sì máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

Àfi bí ikọ́ ṣe mú bàbá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wúkọ́ lẹ́nu géètì ni Ọ̀gá Ṣóbándé ti dá a padà, àwọn ọmọ márùn-ún sì bá a padà, nítorí ta ni yóò tu afọ́jú lọ sílé? Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti dùbúlẹ̀. Kò sí àgbàlagbà, kò sí ọkọ̀. Ibà ti gba ọjọ́ márùn-ún lọ́wọ́ Àrìnkẹ́ tẹ́lẹ̀. Ikọ́ bàbá rẹ̀ àgbà gba márùn-ún mìíràn. Ó ku ọjọ́ kan péré kí omi tán lẹ́yìn ẹja. Abọ́dúnrìn ì bá fi gègé rẹ̀ purọ́ nínú rẹ́jísítà, ṣùgbọ́n hẹ́dimásítà fúnra rẹ̀ ló ń ka orí àwọn ọmọ láràárọ̀.

Ó bá wọ ọ́fíìsì lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọmọ yẹn ló ń tukọ̀. Ẹrù lásán ni bàbá yẹn nínú ọkọ̀."

"Àgbàlagbà ni rúùlù wí, Abọ́dúnrìn. Rúùlù ò ní kó ríran."

"Àgbàlagbà ọ̀hún ń wúkọ́, sà. Ẹ ní kó má wọlé."

"Kó má wọlé náà ni. Ṣé o fẹ́ kó kó o ran igba ọmọ ni?"

"Kí wọ́n máa dá wá nígbà náà, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù tí a ó fi orúkọ ránṣẹ́."

Ọ̀gá Ṣóbándé bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé o ti wà níbi tí wọ́n ti gbé òkú ọmọ láti odò wá bá ìyá rẹ̀ rí? Èmi ti wà níbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Ohun tó dun Abọ́dúnrìn jù ni pé ọkùnrin náà kò purọ́. Ì bá jẹ́ pé ìkà ni, ì bá rọrùn láti bá a jà. Ó ní, "Èmi náà ṣáà jẹ́ àgbàlagbà, sà," ó sì jáde.

Ará Ìsẹ́yìn ni Abọ́dúnrìn. Omi tó mọ̀ kò ju èyí tó wà nínú ìkòkò lọ. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó bá apẹja kan tó wá já ẹja sí èbúté Kétu padà sí Àgbóyì, ó di ojú títí wọ́n fi dé. Apẹja já a sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ márààrún kí Tísà, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ síbi tí wọ́n ń gbé Bàbá Àyúbà sí.

Oṣù kẹwàá ni, omi kún dé góńgó, ojúoró sì bo ibi púpọ̀ lójú ọ̀nà. Àrìnkẹ́ ń fi àjẹ̀ ya ojúoró sọ́tùn-ún sósì, kò yára, kò dúró.

"Ẹ fi ọwọ́ sínú, sà," ó ní.

Abọ́dúnrìn fi ọwọ́ sínú.

"Ẹ má fara ti ẹ̀gbẹ́ kan, sà."

Abọ́dúnrìn jókòó gbọnrangandan. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í pé àwọn ọmọ mọ̀. Nígbà tí èbúté Kétu hàn, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì dìde dúró.

Kò mọ ìgbà tó wọnú omi. Ohun tó rántí ni omi nínú imú, omi nínú etí, lẹ́yìn náà ohùn Àrìnkẹ́ lókè orí rẹ̀, jẹ́ẹ́, bí ẹni ń ka ìwé: "Ẹ di àjẹ̀ mú, sà." Ó dì í mú. Àwọn ọmọ mẹ́rin yòókù ti fara sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ọkọ̀ má bàa dojú dé, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe fa àgbàlagbà wọn gúnlẹ̀, aṣọ iléèwé wọn gbẹ, ìwé wọn gbẹ.

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́jọ lù nígbà tí wọ́n dé géètì. Ọ̀gá Ṣóbándé dúró síbẹ̀.

"Ta ni àgbàlagbà yín?"

Àwọn ọmọ nàka sí Tísà. Abọ́dúnrìn la ẹnu láti sọ̀rọ̀, àfi ikọ́. Ó wúkọ́ títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀.

Hẹ́dimásítà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni?"

"Rárá, sà."

"O sì wọ ọkọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀gá Ṣóbándé ṣí géètì. Ó ní kí àwọn ọmọ wọlé, ó sì rọra ti géètì mọ́ Abọ́dúnrìn síta. "Ikọ́ ni mo gbọ́. Lọ sinmi nílé. Màá pe rẹ́jísítà rẹ."

Inú bí Abọ́dúnrìn débi pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò lọ sílé. Ó yí ọgbà po dé apá ibi tí fèrèsé kíláàsì kẹfà wà, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lára, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu kí ikọ́ má bàa jẹ́ kí wọ́n lé e. Ó ń gbọ́ ohùn hẹ́dimásítà tó ń pe orúkọ, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, títí ó fi kan Àrìnkẹ́.

"Pírẹ́sẹ́ǹtì, sà."

Ọkàn Abọ́dúnrìn balẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ọ̀la ń bọ̀, pé òun náà ni wọ́n ó tún gbé kalẹ̀ sáàárín ọkọ̀, àti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló kù. Ẹ̀rù omi ọ̀hún ń bà á, ó sì mọ̀ pé òun yóò lọ.