Mẹ́rin Kì Í Ṣe Òdo

Òdo ni wọ́n ń bọ nílé iṣẹ́ náà. Tí ìdánwò ètò kọ̀ǹpútà bá parí tó dá òdo padà, àlàáfíà ni; bí ọ̀kan bá jáde, wàhálà dé. Gbogbo ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ló mọ èyí, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Orí mẹ́rin ni ẹjọ́ wà. Mẹ́rin ò sọ pé ó dáa, kò sì sọ pé ó bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé, "Mi ò bá ohun tí mo fẹ́ dán wò nílé, mo ti fò ó." Ọmọ tí kò dé ibi ìdánwò rárá ni. Ṣùgbọ́n sikiríìnì ńlá tó wà lára ògiri yàrá wọn ò mọ̀ ju àwọ̀ méjì lọ: pupa fún ọ̀kan, àwọ̀ ewé fún gbogbo ìyókù. Bí ọmọ tí kò dé ibi ìdánwò ṣe ń gba àtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn tó yege nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ ló rí i. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, torí ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀ á mọ̀ pé nǹkan gún òun. Òun ló ń dán ètò inú ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣe wò, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, tó ń rọra ti oògùn sínú iṣan. Tí rọ́bà oògùn bá dí, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ké kí nọ́ọ̀sì lè sáré dé. Ẹ̀ka ètò kan ló ń ké igbe yẹn, wọ́n sì ní láti so ó mọ́ kánẹ́lì, ìyẹn ọkàn tó ń darí gbogbo ètò yòókù. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ, kánẹ́lì ò gbà á wọlé mọ́. Ó ń lé e bí àlejò tí wọn ò pè. Ìdánwò á kan ilẹ̀kùn, kò ní bá ẹnikẹ́ni, á sọ mẹ́rin sílẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ.

Abẹ́rẹ́ dìde, ó di ọ̀fíìsì Ọ̀gá. Ọ̀gá ni olórí wọn, òun náà ló fẹ́ ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́. Òun ló mú un wọ iṣẹ́, òun ló sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà.

"Bùrọ̀dá, a ò tíì dán igbe ẹ̀rọ yìí wò láti ìgbà tí bọ́ọ̀dù tuntun ti dé. Ńṣe ló ń fò."

Ọ̀gá ò gbójú sókè. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Èmi ni mo kọ mẹ́rin síbẹ̀. Ọ̀kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, sikiríìnì ń pọ́n lójoojúmọ́, àwọn tó wà lókè ń pariwo lé mi lórí. Jẹ́ ká kó ẹrù àwọn ilé ìwòsàn yìí lọ ná, a máa tún un ṣe."

"Ṣé àwọn aláìsàn máa dúró dè wá?"

"Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Má bà mí níṣẹ́ jẹ́." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìwọ gan-an, ta ló mú ọ débí?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ pé iṣẹ́ irọ́ ni mo wá ṣe."

Tó bá jẹ́ pé Ọ̀gá ò mọ̀ ni, ì bá sàn. Aláìmọ̀kan ṣeé kọ́. Ẹni tó mọ̀ tó sì jókòó tì í, kí lèèyàn fẹ́ kọ́ ọ?

Abẹ́rẹ́ padà síjókòó rẹ̀, ó pa mẹ́rin rẹ́, ó kọ ọ̀kan, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà. Sikiríìnì pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.

"Yéè!" Gíláàsì, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, pariwo. "Ta ló gún wa lábẹ́rẹ́?"

"Kò sí ohun tó bàjẹ́ lónìí. Èyí tó ti bàjẹ́ tipẹ́ ni mo ṣí aṣọ lójú rẹ̀."

"Màdáámù, ẹ dákun ẹ bò ó padà, òtútù ń mú un."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì tán tí sikiríìnì fi padà di àwọ̀ ewé. Láti inú ọ̀fíìsì ni Ọ̀gá ti dá mẹ́rin padà, nígbà tí Abẹ́rẹ́ sì gbìyànjú àtiwọlé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn yòókù dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́jọ́ tí ẹrù bá fẹ́ jáde.

"Gíláàsì, ìwọ náà?"

"Àtẹ́wọ́ ò pa ẹnikẹ́ni rí."

"Èyí á pa."

Ó sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí àgbàlá tí wọ́n ti ń kẹ́rù. Bàbá Sítọ́ọ̀, àgbàlagbà tó ń tọ́jú ẹrù, ti ń to páálí ẹ̀rọ sínú ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan ẹyọ kan."

Bàbá yọ ọ̀kan, ó so ó mọ́ iná ara ògiri, ó fi omi sípò oògùn. Abẹ́rẹ́ ká rọ́bà rẹ̀ lọ́wọ́, ó fún un pinpin. Dẹ́rẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè gbọ́. Ẹ̀rọ ń ti omi lọ, rọ́bà ń wú, iná kékeré iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ẹni tí kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Kò ké. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé Ọ̀gá ti wà lẹ́yìn wọn.

"Ọ̀gá, kò ké o," Bàbá wí.

Ọ̀gá wo ẹ̀rọ náà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Èyí ti bàjẹ́. Ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ kó ìyókù."

"Ẹ jẹ́ ká tan òmíràn," Abẹ́rẹ́ wí. "Èyíkéyìí. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ mú un."

Ọwọ́ Bàbá ti kan páálí kan. Ó wo Ọ̀gá, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó fi nu ṣòkòtò. "Ọmọ mi, ohun tí wọ́n bá ní kí n kó ni mò ń kó."

Ọ̀gá na ọwọ́. "Káàdì rẹ."

Abẹ́rẹ́ yọ ọ́ lọ́rùn, kò fi lé e lọ́wọ́. Orí ẹ̀rọ tó dákẹ́ yẹn ló gbé e kọ́. "Ẹ jẹ́ kó bá a dákẹ́ níbẹ̀."

Ọkọ̀ ṣí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Á lé e bá lóòótọ́. Ẹ bá mi bi òtítọ́ pé òkú mélòó lòun máa fò kọjá lójú ọ̀nà kóun tó dé.

Abẹ́rẹ́ ò tíì rìn jìnnà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi pè é lórí fóònù.

"Kí lo fi ọkọ mi ṣe lójú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀? Bí wọ́n ṣe ń san oore nìyẹn?"

"Àǹtí, ẹ bú mi tán ná. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Tí àìsàn bá gbé yín dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wa yìí kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọkọ mi ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," ló wí. "Èmi àti àwọn ọmọ."